Bí Obìnrin Tí Wọ́n Ń Hùwà Ipá Sí Nínú Ilé Ṣe Lè Gba Ẹ̀tọ́ Rẹ̀ Lọ́wọ́ Ọlọ́pàá

Ọ̀pọ̀ obìnrin tó dé àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú ojú wíwú tàbí apá tó ṣẹ́ ló ti gbọ́ gbólóhùn kan náà lẹ́nu ẹni tó jókòó sídìí tábìlì: "Ọ̀rọ̀ tọkọtaya nìyí, ẹ padà sílé kí ẹ lọ parí rẹ̀." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ lè rò pé ìmọ̀ràn àgbà ni òun gbà á, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ìjọba gbé lé e lọ́wọ́ ló kọ̀ tí kò ṣe. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí nítorí pé obìnrin tó bá mọ ohun tó yẹ kí ọlọ́pàá ṣe, tó sì mọ bí a ṣe ń béèrè fún un ní ìgbésẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, kì í ṣe ẹni tí a lè fi ọ̀rọ̀ dídùn lé padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Obìnrin tí ọ̀ràn náà kàn gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀, mo sì ń bá àbúrò, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ tàbí aládùúgbò tó máa tẹ̀ lé e sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí ara ń ro, tí ẹ̀rù sì ń bà, kì í lè rántí ohun gbogbo. Òfin orílẹ̀-èdè kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, orúkọ ìwé àti orúkọ ẹ̀ka ọlọ́pàá sì lè yàtọ̀ níbi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n ohun kan ló so gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí pọ̀: kí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín di àkọsílẹ̀, nílé ìwòsàn, ní àgọ́ ọlọ́pàá àti nílé ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ṣeé sẹ́ lọ́la, ṣùgbọ́n ìwé tó ní ọjọ́, tó ní nọ́ńbà, tó sì ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó gbé e jù sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ni ẹ ń béèrè, kì í ṣe ojúrere

Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé sọ ní 2021 pé nínú obìnrin mẹ́ta lágbàáyé, ó tó ẹyọ kan tí wọ́n ti lù tàbí tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀ rí, àti pé ọkọ tàbí olólùfẹ́ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kì í ṣe ilé yín nìkan ni, kì í sì í ṣe nítorí pé ẹ kò mọ ọkọ tọ́jú.

Ìkéde Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1948 sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí ìyè, sí òmìnira àti sí ààbò ara rẹ̀, pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóró, àti pé gbogbo ènìyàn dọ́gba níwájú òfin. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí àwọn ìjọba rí nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ohun tí ọlọ́pàá àti sójà kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara wọn ṣe, ohun tí ọkọ bá sì ṣe nínú yàrá, wọ́n kà á sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Díẹ̀díẹ̀ ni èyí yí padà. Àdéhùn CEDAW, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà wọlé ní 1979 láti fòpin sí fífi obìnrin sípò ẹ̀yìn, kò dárúkọ ìwà ipá nínú ilé, ṣùgbọ́n ní 1992 ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àdéhùn náà ṣàlàyé pé ìwà ipá tí a ń hù sí obìnrin nítorí pé ó jẹ́ obìnrin wà lára ohun tí àdéhùn náà kà léèwọ̀. Ní 1993, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìkéde mìíràn tó pe gbogbo ìjọba láti sa gbogbo ipá wọn láti dènà irú ìwà bẹ́ẹ̀, láti wádìí rẹ̀ àti láti fi ìyà jẹ ẹni tó hù ú, yálà òṣìṣẹ́ ìjọba ni onítọ̀hún tàbí ẹni tó wà nínú ilé ara rẹ̀. Àdéhùn Belém do Pará ti 1994 ní àwọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Ìlànà Maputo ti 2003 ní Áfíríkà àti Àdéhùn Istanbul ti 2011 ní Yúróòpù sọ èyí di òfin tó de àwọn ìjọba tó fọwọ́ sí wọn.

Níwájú tábìlì ọlọ́pàá, ohun tí gbogbo èyí já sí kò le. Bí ọlọ́pàá bá mọ̀, tàbí bí ó bá jẹ́ pé ó yẹ kí ó mọ̀, pé ewu gidi ń lépa ẹ̀mí obìnrin kan, tí kò sì ṣe ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ láti dènà á, ìjọba fúnra rẹ̀ ti jẹ̀bi. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìwé: àkọsílẹ̀ ni ó ń fi hàn pé ọlọ́pàá mọ̀, ọjọ́ tó mọ̀, àti ohun tó ṣe lẹ́yìn tó mọ̀.

Lílu nìkan kọ́ sì ni ìwà ipá. Fífi ipá bá obìnrin lò pọ̀ nínú ìgbéyàwó wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìhalẹ̀mọ́ni, títì í mọ́lé, gbígba fóònù tàbí owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣíṣọ́ ọ kiri, àti fífi ọmọ dẹ́rù bà á. Òfin ọ̀daràn àwọn orílẹ̀-èdè kan kò tíì dé gbogbo ibi tí àwọn àdéhùn yìí dé, pàápàá lórí ìbálòpọ̀ tipátipá láàárín tọkọtaya. Síbẹ̀ ẹ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n kọ ọ́, nítorí pé adájọ́ tó fẹ́ pinnu bóyá ẹ nílò ààbò yóò fẹ́ rí gbogbo rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ múra sílẹ̀ nígbà tí ilé bá ṣì rọ̀

Ẹ wá ẹnì kan tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, tí kì í ṣe ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ẹni tó ń hùwà ipá, kí ẹ fi ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, ìwé báńkì àti kọ́kọ́rọ́ kan pa mọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan ṣe àmì láàárín yín, ọ̀rọ̀ lásán tí kò ní fu ẹnikẹ́ni lára, kí ó lè mọ̀ pé bí ẹ bá ti sọ ọ́ lórí fóònù, ọlọ́pàá ni kí òun pè.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ tiyín. Bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò rẹ̀, ohun tó ṣe, ọ̀rọ̀ tó sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ẹni tó rí i tàbí tó gbọ́ ọ, àti bí ara ṣe rí fún yín lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá máa ń yẹ ẹrù yín wò, kò yẹ kí ìwé náà wà nínú ilé rárá. Fóònù sì lè jẹ́ ọ̀tá níbí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé ìyàwó wọn, tí wọ́n sì ń fi fóònù náà mọ ibi tó wà. Fóònù ẹlòmíràn ni kí ẹ fi wá ìrànlọ́wọ́, ẹ má sì pa gbogbo ohun tó wà lórí tiyín rẹ́ lójijì, nítorí pé ìyẹn gan-an lè mú un fura.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Bí ọwọ́ bá ti ròkè

Bí ẹ bá pe nọ́ńbà pàjáwìrì, ibi tí ẹ wà ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kí ẹ tó sọ orúkọ yín tàbí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá já fóònù gbà lọ́wọ́ yín, wọ́n á ti mọ ibi tí wọ́n máa wá. Lẹ́yìn náà ẹ sọ pé wọ́n ń lù yín lọ́wọ́lọ́wọ́, bóyá ọ̀bẹ tàbí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá ọmọ wà nínú ilé, àti bóyá ilé ẹjọ́ ti fún yín ní àṣẹ ààbò tẹ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ fi fóònù náà sílẹ̀ láìpa á. Ẹ yẹra fún ilé ìdáná, níbi tí ọ̀bẹ wà, àti fún yàrá tí kò ní ọ̀nà àbájáde kejì. Ẹ ti kọ́ àwọn ọmọ ṣáájú pé ìta ni kí wọ́n sá sí, kí wọ́n má ṣe wá là yín.

Nígbà tí ọlọ́pàá bá dé, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n ya ẹ̀yin méjèèjì sọ́tọ̀, kí wọ́n sì bá yín sọ̀rọ̀ níbi tí kò ti lè gbọ́ yín. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé: "Ẹ jọ̀wọ́, n kò lè sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀." Bí ẹ kò bá gbọ́ èdè wọn, kò tọ́ kí wọ́n fi ọmọ yín ṣe ògbufọ̀, kò sì tọ́ kí wọ́n fi òun tàbí ẹbí rẹ̀ ṣe é.

Àwọn tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ìgbà pípẹ́ mọ ohun kan tí ọlọ́pàá tuntun kì í tètè rí. Nígbà tí wọ́n bá wọlé, ọkùnrin tó lu ènìyàn lè ti jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó máa kí wọn káàbọ̀, nígbà tí obìnrin tó jẹ ìyà ń pariwo, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tò. Ẹni tí kò ní ìmọ̀ yóò rò pé obìnrin náà ló ń fa ìjà. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ mí kanlẹ̀, kí ẹ sì fi ojú ọgbẹ́ hàn wọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Bí òun náà bá ní ẹ lu òun, ẹ ní kí wọ́n wo irú àmì tó wà lára ẹ̀yin méjèèjì dáadáa, nítorí pé ìfarapa ẹni tó ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀, bí i èékánná lójú tàbí eyín lápá, yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń lu ènìyàn. Ọlọ́pàá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò wá ẹni tó jẹ́ orísun ìwà ipá náà, kò ní kó ẹ̀yin méjèèjì láti fi sinmi àròyé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ jẹ́ kí dókítà rí yín, kí ó sì kọ ohun tó rí

Ní àwọn ibì kan, wọ́n máa ń fẹ́ kí obìnrin gba ìwé ní àgọ́ ọlọ́pàá kí ó tó lọ rí dókítà. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá yín dúró bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ṣàn, bí wọ́n bá ti gbá yín lórí tàbí bí ẹ bá lóyún. Ẹ̀mí ló ṣáájú.

Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà. Ìtìjú àti ẹ̀rù máa ń mú kí obìnrin sọ pé òun ṣubú lórí àtẹ̀gùn ni, kò sì sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ohun tó bá sọ ni dókítà yóò kọ, ìwé yẹn sì lè dé iwájú adájọ́ kí agbẹjọ́rò ẹni tó lù ú sì fi ṣe ẹ̀rí. Ẹ bẹ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì pé kí ó kọ irú ọgbẹ́ tó wà lára yín, ibi tó wà, bó ṣe tóbi tó, ohun tí ẹ sọ pé ó fà á àti ẹni tí ẹ sọ pé ó ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ya fọ́tò ọgbẹ́ náà, ọ̀kan tó fi ojú yín hàn pẹ̀lú ọgbẹ́ náà, àti òmíràn tó sún mọ́ ọn. Kí ó tún yà á lẹ́yìn ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, nítorí pé ara tí wọ́n lù máa ń pẹ́ kí ó tó dúdú.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń fojú kéré jù: fífún ọrùn. Wọ́n á ní, "ó kàn di ọrùn mi mú ni," nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò jáde, ojú ọgbẹ́ kò sì sí. Ọrùn tí wọ́n fún lè má fi àmì kankan hàn lára awọ, síbẹ̀ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ti bàjẹ́, kí ó sì fa àrùn rọpárọsẹ̀ lẹ́yìn wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan. Bí ohùn yín bá há, bí ó bá ń dùn yín láti gbé itọ́ mì, bí àmì pupa kéékèèké bá yọ nínú ẹyinjú yín, bí ojú yín bá ṣókùnkùn tàbí tí ẹ dákú, tàbí bí ìtọ̀ bá dà lára yín láìmọ̀, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà, kí ẹ sì tún un sọ fún ọlọ́pàá. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2008 fi hàn pé láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n ń hùwà ipá sí, ewu pé ọkùnrin náà yóò pa obìnrin tó ti fún lọ́rùn rí ju ti àwọn yòókù lọ ní ìlọ́po tó lé ní méje. Bí ọlọ́pàá bá kọ ọ́ pé "wọ́n jọ fa ara wọn", ẹ ní kí ó pa á rẹ́, kí ó kọ pé ó fún yín lọ́rùn, ọwọ́ kan tàbí méjì, àti bó ṣe pẹ́ tó.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fipá bá yín lò pọ̀, àkókò ṣe kókó. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bó bá sì ṣe yá tó ni ó dára tó. Oògùn tó ń dènà oyún lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ karùn-ún. Ẹ má wẹ̀, ẹ má fọ aṣọ náà. Inú àpò bébà ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe inú ọ̀rá, nítorí pé ọ̀rinrin inú ọ̀rá máa ń ba ẹ̀rí jẹ́. Bí ẹ bá sì ti wẹ̀, ẹ ṣì lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí ẹ ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ yín ní àgọ́ ọlọ́pàá

Ẹ béèrè fún yàrá tí àwọn tó ń wọlé tó ń jáde kò ti ní gbọ́ yín, ẹ sì lè béèrè pé kí ọlọ́pàá obìnrin gba ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀. Kì í ṣe àṣejù. Ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà ti dá àgọ́ ọlọ́pàá tí obìnrin ń darí sílẹ̀ láti 1973, São Paulo ní Brazil dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1985, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí nìkan. Ẹ béèrè bóyá ó wà níbi tí ẹ wà. Ẹ̀tọ́ yín tún ni kí ẹ mú ẹnì kan dání.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, nítorí pé òun ló gbé yín wá. Lẹ́yìn náà ẹ sọ ti àkọ́kọ́ tí ẹ rántí, kí ẹ sì sọ èyí tó burú jù. Ọ̀nà yìí ń jẹ́ kí ẹni tó ń kọ ọ́ rí i pé kì í ṣe ìjà ọjọ́ kan. Ẹ má sọ pé "ó ń fìyà jẹ mí" kí ẹ sì dákẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn kò fi ohun kan hàn adájọ́. Irú ọ̀rọ̀ tó yẹ nìyí: "Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ó gbá mi létí lẹ́ẹ̀mejì, ó wọ́ mi ní irun dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ní bí mo bá kígbe, òun yóò pa mí. Ọmọ mi obìnrin dúró níbẹ̀." Ohun tí ẹ kò bá rántí, ẹ sọ pé ẹ kò rántí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n lù, tí ẹ̀rù bà dé ọkàn, kì í rántí gbogbo rẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ìyẹn kò sì sọ ọ́ di òpùrọ́. Ohun tí ẹ bá méfò ni agbẹjọ́rò lè fi bá yín jà lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ kò bá mọ̀wé kà, kí ẹni tí ẹ mú dání kà á fún yín, kí ó má jẹ́ ẹni tó kọ ọ́ nìkan ni yóò sọ ohun tó wà níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti rọ ọ̀rọ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n tún un kọ. Ẹ má fọwọ́ sí ojú ìwé tó ní àlàfo, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan tó sọ pé ẹ ti dárí jì í, pé ẹ kò ṣe ẹjọ́ mọ́, nítorí pé wọ́n sọ fún yín pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń parí rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba ohun mẹ́ta: nọ́ńbà ẹjọ́ náà, orúkọ ọlọ́pàá tó gbà á sílẹ̀ àti ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yín. Bí wọn kò bá fún yín ní ẹ̀dà, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ àti orúkọ ẹni tó kọ̀ sínú ìwé tiyín. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ obìnrin nítorí pé ó wá fẹjọ́ sùn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ bí ewu náà ṣe tó

Ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún 2023 fi hàn pé nǹkan bí 51,100 obìnrin àti ọmọbìnrin ni olólùfẹ́ tàbí ẹbí ara wọn pa lọ́dún náà, ìyẹn bí 140 lójúmọ́. Nínú ọ̀pọ̀ irú ikú bẹ́ẹ̀, àmì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní Amẹ́ríkà, Jacquelyn Campbell, ṣe àkójọ ìbéèrè ní àwọn ọdún 1980 tí a fi ń wọn irú ewu yìí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá sì ń lo irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lónìí.

Bí wọn kò bá bi yín, ẹ fúnra yín ni kí ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ṣé ìbọn wà ní ìkáwọ́ rẹ̀? Ṣé ó ti fi ohun ìjà halẹ̀ mọ́ yín rí? Ṣé ó ti sọ pé òun yóò pa yín, tàbí pé òun yóò pa ara òun bí ẹ bá lọ? Ṣé ó ti fún yín lọ́rùn, ṣé ó ń fipá bá yín lò pọ̀, ṣé ó lù yín nígbà tí ẹ lóyún? Ṣé ó ń tẹ̀ lé yín kiri, tó ń yẹ fóònù yín wò, tó ń pinnu ẹni tí ẹ lè rí? Ṣé lílù náà ń pọ̀ sí i ju bó ṣe wà lọ́dún kan sẹ́yìn? Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni bóyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ tàbí ẹ ti sọ pé ẹ fẹ́ lọ, nítorí pé ìgbà tí obìnrin ń jáde kúrò nínú ilé bẹ́ẹ̀ ni ewu ikú máa ń ga jù. Àwọn tó ń béèrè pé "kí ló dé tí kò fi lọ?" kò mọ èyí.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe

Ẹ béèrè pé kí wọ́n mú un, kí wọ́n gba ohun ìjà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò tó gbọ́ igbe sílẹ̀, kí wọ́n mú yín dé ilé ààbò tàbí ọ̀dọ̀ ẹbí, kí ọlọ́pàá sì tẹ̀ lé yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ kó ẹrù. Ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè gba àṣẹ ààbò, ìyẹn ìwé tí ilé ẹjọ́ fi ń sọ fún ẹni tó ń hùwà ipá pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ yín, kò gbọdọ̀ pè yín, kí ó sì kúrò nínú ilé bí ó bá yẹ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, adájọ́ lè fún yín ní ti ìgbà díẹ̀ láìdúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ní àwọn mìíràn ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ lè pàṣẹ pé kí ó jáde nílé fún ọjọ́ mélòó kan.

Ìwé àṣẹ náà kò ní agbára bí ọlọ́pàá kò bá ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní Colorado ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹfà 1999, ọkọ tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Jessica Lenahan ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó àwọn ọmọbìnrin wọn mẹ́ta lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣẹ ilé ẹjọ́ ti dè é. Ìyá náà pe ọlọ́pàá léraléra láti ìrọ̀lẹ́ títí wọ òru, wọ́n ní kó ṣì dúró wò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ náà ti kú. Ní 2005, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ níbẹ̀ ní òfin orílẹ̀-èdè náà kò fún un ní ẹ̀tọ́ láti pe ọlọ́pàá lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Ní 2011, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti àwọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé orílẹ̀-èdè náà kùnà láti dáàbò bo òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa gbé ẹ̀dà àṣẹ náà kiri, ẹ fi ẹ̀dà kan sí àgọ́ tó sún mọ́ ibi tí ẹ ń gbé, òmíràn sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Bí ó bá rú u, àní bí ó bá jẹ́ fóònù lásán ló pè, ẹ lọ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà kí wọ́n kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí wọ́n bá kọ̀, tàbí bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ parí rẹ̀

Ẹ má bá ẹni tó wà nídìí tábìlì jiyàn. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì ní ẹ fẹ́ rí ọ̀gá àgọ́ náà. Bí ọ̀gá náà bá kọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá tó wà lókè rẹ̀, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ wá, ẹni tí ẹ rí, ohun tó sọ, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ tún lè gba ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn, ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn orílẹ̀-èdè yín, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin, tàbí kí ẹ lọ tààrà sílé ẹjọ́ fún àṣẹ ààbò.

Bí wọ́n bá ní kí wọ́n pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó láti là yín, ẹ lè kọ̀. Àdéhùn Istanbul ka fífi túláàsì mú obìnrin lọ síbi ìlàjà léèwọ̀, ìgbìmọ̀ CEDAW náà sì sọ ní 2017 pé a kò gbọdọ̀ fi dandan gbé irú ẹjọ́ yìí lọ síbi ìlàjà. Ìdí rẹ̀ rọrùn láti rí: ẹni méjì tí agbára wọn dọ́gba ni a ń là, obìnrin tó mọ̀ pé òun yóò sùn sábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú ọkùnrin yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà kò sì lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Bí wọ́n bá ń fi agbára mú yín kó ẹjọ́ kúrò

Ẹbí yóò wá bẹ̀ yín, òun náà yóò sunkún, àwọn kan yóò sì halẹ̀. Nahide Opuz àti ìyá rẹ̀ ní Tọ́kì fẹjọ́ ọkọ Opuz sùn lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì kó o kúrò lọ́pọ̀ ìgbà nítorí ìhalẹ̀, àwọn aláṣẹ sì ń pa ẹjọ́ náà tì bí wọ́n bá ti kó o kúrò. Ní 2002, ọkọ náà yìnbọn pa ìyá rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dájọ́ ní 2009 pé ìjọba Tọ́kì jẹ̀bi, pé bí ewu bá ti le tó báyẹn, ó yẹ kí ìjọba tẹ̀ síwájú nínú ẹjọ́ náà bí obìnrin náà tilẹ̀ ti kó o kúrò, àti pé àìbìkítà àwọn aláṣẹ jẹ́ fífi obìnrin sípò ẹ̀yìn. Ìwé ẹjọ́ tí wọ́n ti pa tì yẹn náà ló di ẹ̀rí tí ilé ẹjọ́ fi mọ̀ pé àwọn aláṣẹ mọ̀. Bí ẹ bá ti kó ẹjọ́ kúrò rí, kò dí ọ̀nà mọ́ yín. Ẹ padà lọ, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìdí tí ẹ fi kó o kúrò nígbà yẹn sínú àkọsílẹ̀ tuntun.

Ó sì lè pẹ́. Maria da Penha ní Brazil, tí ọkọ rẹ̀ yìnbọn fún lójú oorun ní 1983, tí kò sì lè rìn mọ́ láti ìgbà náà, retí ìdájọ́ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbìmọ̀ ti àwọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá Brazil lẹ́bi lórí rẹ̀ ní 2001, òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì jáde ní 2006. Ẹ mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì méjì tí ẹ ó máa pe ọlọ́pàá tí ẹjọ́ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ béèrè ibi tó dé, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti mú ọkùnrin náà, ẹ béèrè pé kí wọ́n sọ fún yín kí wọ́n tó dá a sílẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà tí wọ́n máa fi pè yín sí iwájú fáìlì náà: nọ́ńbà ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, tí fóònù rẹ̀ kì í dé ọwọ́ ẹni tó lù yín.